Ariwo Kọ́ Ni Agbára

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, bí ẹ bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìlú Ẹdẹ ní ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ ńlá tí ń kó ẹrù bá ń kọjá lọ sí ìhà Òṣogbo, ẹ ó gbọ́ bí àwọn ọmọdé ti ń jiyàn. Ọ̀kan yóò ní, "Èyí lágbára ju ti àná lọ." Èkejì yóò bi í pé báwo ni ó ṣe mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ọ̀kan lọ: "Ìwọ kò gbọ́ bí ó ti ń ké ni?" Mo ti gbọ́ iyàn yìí ní àìmọye ìgbà, n kò sì lè fi àwọn ọmọ náà ṣẹ̀sín, nítorí èmi pàápàá tí mo ti lé ní 40 ọdún, tí mo sì ti ń kọ́ni láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀nà kan náà ni mo fi ń mọ agbára ẹ̀rọ títí di àìpẹ́ yìí. Etí ni òṣùwọ̀n mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni bí òṣùwọ̀n náà ti tàn mí jẹ nígbà kan, bí ó ti ba ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, àti bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan náà ti kọ́ mi ní òṣùwọ̀n mìíràn láti ilẹ̀ òtútù tí ó jìnnà réré.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, mẹkáníìkì alùpùpù ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹdẹ, kò jìnnà sí ojú irin, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ní nǹkan bí 22 ọdún sẹ́yìn, ó ra àlòkù alùpùpù kan, ó tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, ó fẹ ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀ kí ó lè tóbi sí i, ó sì yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀ sọnù. Ní ọjọ́ tí ó parí iṣẹ́ náà, tí ó ta á nípàá, gbogbo àdúgbò ni ó gbọ́. Àwọn ènìyàn tú jáde láti inú ilé wọn, àwọn ọmọdé ń fò sókè, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní agbára ẹ̀rọ náà ti di ìlọ́po méjì. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ó fi wọ̀n ọ́n. Èmi gan-an ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé títí di òní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rí i lójú ọ̀nà."

Ó gùn ún lọ sójú ọ̀nà Òṣogbo, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan dúró, a ń pàtẹ́wọ́. Kò tíì kọjá ibi tí ojú wa lè dé tí ariwo náà fi gé lójijì, bí ìgbà tí a bá fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tí ń pariwo. Ẹ̀rọ náà gan pa, táyà ẹ̀yìn kọ̀ láti yí mọ́, alùpùpù sì gbé ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sórí ọ̀dà. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Oṣù mẹ́rin ni ó lò lórí ibùsùn, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń tiro. Nígbà tí wọ́n tú ẹ̀rọ náà wò, orí písítìn rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é, àwọn mìíràn ní kò mọ iṣẹ́ náà tó bí ó ti ń fọ́nnu. Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì fún ẹnikẹ́ni, kò sì dá mi lẹ́bi rí. Ìdákẹ́ rẹ̀ yìí wúwo lọ́kàn mi ju ẹ̀bi lọ.

Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà tí a gbé e wọlé. Ọmọ náà dàgbà láàárín àwọn irin inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ẹdẹ wa níhìn-ín, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rí ọ̀nà lọ sí ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún tí ó kọjá, ìròyìn kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ eré ìje ṣe, pé àwọn ń fi tọ́bò sí ẹ̀rọ alùpùpù orí òjò dídì kan, kí ó lè sáré ju bí àwọn tí ó ṣe é ti ṣe é lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kò sọ nǹkan kan, ó sì tiro wọ ilé lọ. Ní ọjọ́ kejì ó wá bá mi, ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ ni o mọ̀wé. Bá mi kọ̀wé sí ọmọ rẹ."

Mo kọ ọ́, mo sì fi ìbínú kọ ọ́. Mo bi í pé ṣé ẹsẹ̀ kan kò tó nínú ẹbí wa ni? Mo rán an létí bí bàbá rẹ̀ ti sùn tí kò lè yí ara padà, mo sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kíákíá. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ kún. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, n kò kọ ọ́ sí ibì kan pé èmi ni mo ní kí bàbá rẹ̀ gbé alùpùpù náà lọ sójú ọ̀nà.

Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé gígùn pẹ̀lú àwòrán. Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀: "Bàbá Kékeré mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń ṣe níhìn-ín, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́." Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìwé náà, àti nínú ohun tí mo wá kà lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, nígbà òtútù, omi inú òfuurufú a máa dì, a sì máa bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, títí yóò fi bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ dé orúnkún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà kò lè rìn nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì kan wà ní ìlú Valcourt, ní ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà, Joseph-Armand Bombardier ni orúkọ rẹ̀, 1907 ni a sì bí i. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ tí yóò lè rìn lórí òjò dídì. Nígbà òtútù ọdún 1934, àìsàn inú gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 2 dálẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ìbá gbà á là, ṣùgbọ́n òjò dídì ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì kú. Bàbá rẹ̀ kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Ní 1937 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n rẹ̀ tuntun, èyí tí í ṣe ọ̀já rọ́bà tí kẹ̀kẹ́ eléyín ń yí, ó sì ṣe ọkọ̀ tí ó lè kó ènìyàn 7 lórí òjò dídì. Ní 1959 ó mú èyí tí ó kéré jáde, tí ènìyàn kan tàbí méjì lè gùn, ó sì sọ ọ́ ní Ski-Doo. Irú rẹ̀ ni mo ń pè ní alùpùpù orí òjò dídì. Níwájú, dípò táyà, ó ní ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ méjì tí orí wọn ká sókè, tí ń yọ̀ lọ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi; lẹ́yìn, ọ̀já rọ́bà fífẹ̀ kan ni ẹ̀rọ ń yí, òun ni ó sì ń tì í síwájú. Nígbà tí mo ka ìtàn ọmọ ọdún 2 náà, ìbínú mi rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí mo rí i pé kì í ṣe eré ni a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ yìí.

Síbẹ̀, eré wọ̀ ọ́ lẹ́yìn-ò-rẹyìn. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn a máa fi ẹ̀rọ òjò dídì yìí sáré ìje lórí koríko. Ní ìlú North Branch ní Minnesota, ní oṣù September, nígbà tí òjò dídì kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, wọn a máa ṣe àpéjọ kan tí a ń pè ní Hay Days. A ó to ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pápá, a ó tan iná àmì, wọn yóò sì sáré ẹsẹ̀ bàtà 500, èyí tí kò ju pápá bọ́ọ̀lù kan àti ààbọ̀ lọ. Kí ènìyàn tó mí ní ìgbà mélòó kan, ó ti parí. Kì í ṣe ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ sí ọjà ni wọ́n ti ń sáré náà; pápá tí a sọ okùn yí ká ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìje náà kúrú, ẹni tí agbára rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ ni yóò borí, ìdí nìyí tí olúkúlùkù fi ń wá tọ́bò.

Kí ni tọ́bò? Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí yóò tètè mọ̀ ọ́n. Èédú tí a kò fi ẹwìrì fẹ́ yóò máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni, kò lè rọ irin. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti ń fẹ́ ẹwìrì, iná náà a gbóná, irin a sì rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tí ń jó epo ti rí. Písítìn rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ sínú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ohun tí ó lè fà. Tọ́bò ni ẹwìrì rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú ẹni tí ń fẹ́ ẹwìrì náà. Èéfín gbígbóná tí ìbá jáde lọ lásán láti inú ẹ̀rọ ni a darí sí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ó ní abẹ̀bẹ̀ lára; èéfín yí kẹ̀kẹ́ náà; kẹ̀kẹ́ mìíràn sì wà ní òdì kejì ọ̀pá kan náà, èyí tí ń fa afẹ́fẹ́ títun, tí ó sì ń kì í mọ́ inú ẹ̀rọ. Ohun ìsọnù ni ó di òṣìṣẹ́. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905, ó sì tó nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn náà kí a tó fi í sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá. Lónìí, ohùn fèrè tí ẹ ń gbọ́ nínú ọkọ̀ ẹrù tí ń gun òkè, tọ́bò ni.

Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìwọ̀n páùn 14.7 lórí ìnṣì kan ní òró àti ìnṣì kan ní ìbú. Bí tọ́bò bá fi páùn 7 kún un, afẹ́fẹ́ tí ń wọ inú ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì pọ̀ sí i. Ọmọ wa wá kọ gbólóhùn kan báyìí: "Bàbá Kékeré mi, bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, tí epo kò pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, iná inú ẹ̀rọ a gbóná rékọjá ààlà, orí písítìn a sì yọ́. Nínú irú ẹ̀rọ tí bàbá mi ní nígbà náà, èyí tí a ń po ọ́ọ̀lì mọ́ epo rẹ̀, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí epo bá dín, ọ́ọ̀lì tí ń mú irin yọ̀ dín pẹ̀lú."

Mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Ọdún 22! Ẹ̀gbọ́n mi fẹ ihò afẹ́fẹ́. Kò fẹ ihò epo. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà kò ju èyí lọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí ariwo ni a ń gbọ́, ariwo náà sì dùn.

Nígbà tí mo tún gbé e, mo ka bí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ tiwọn. Ẹ̀rọ náà ní písítìn méjì. Wọ́n mú kí àyè tí epo ti ń jó ní orí rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i, kí afẹ́fẹ́ tí a ń kì bọ̀ má baà fún jù. Wọ́n pààrọ̀ àwọn ìfúnpo rẹ̀ sí èyí tí ń fún epo púpọ̀ sí i. Wọ́n fi ohun kan tí ó dà bí rédíétọ̀ sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tí a bá kì pọ̀ a máa gbóná, gẹ́gẹ́ bí ìdí páǹpù kẹ̀kẹ́ ti ń gbóná lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń fẹ́ táyà. Wọ́n sì fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tọ́bò, tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ láti jẹ́ kí èéfín gba ibòmíràn lọ bí agbára bá ti tó bí a ti fẹ́, nítorí ẹwìrì tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi yóò fọ́ ààrò. Ó ní, "Nígbà tí a parí rẹ̀ tí a tan án, ariwo rẹ̀ kún inú ilé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi ní kò tíì sí ohun tí a mọ̀."

Wọn kò gbé e lọ sí pápá. Wọ́n gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan bí kò ṣe láti wọn agbára. Dáínò ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Kì í ṣe ohun àná. Ní 1821, Gaspard de Prony, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ronú ọ̀nà kan: kí a fi igi méjì há kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ mọ́ra, kí a so ọ̀pá gígùn mọ́ igi náà, kí a sì wo bí ọ̀pá náà yóò ti wúwo tó bí kẹ̀kẹ́ ti ń gbìyànjú láti gbé igi yí lọ. Ní 1877, William Froude ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi omi rọ́pò igi, ọgbọ́n omi yìí ni wọ́n sì lò fún ẹ̀rọ ọmọ wa. Wọ́n yọ ohun tí ń gbé agbára fún ọ̀já kúrò, wọ́n so orí ọ̀pá ẹ̀rọ mọ́ dáínò. Ẹ̀rọ ń po omi nínú àpótí irin. Omi ń fẹ́ gbé àpótí náà yí. Ọ̀pá kan sì dá a dúró, ó ń sọ ìwọ̀n ohun tí ó ń dá dúró.

Bí a bá so páùn 1 mọ́ ìparí ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ipá ìyípo rẹ̀ jẹ́ 1. Bí a bá mú ipá ìyípo náà, tí a fi iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, tí a sì fi 5,252 pín in, ohun tí a rí ni agbára ẹṣin. James Watt ni ó fi òǹkà lélẹ̀ fún agbára ẹṣin: kí a gbé ẹrù páùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 1 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè fi kún ìṣirò àwọn ọmọ ilé ìwé yín.

Kí wọ́n tó fi tọ́bò sí i, wọ́n ti wọ̀n ọ́n: ipá ìyípo 98 nígbà tí ó ń yí ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe agbára ẹṣin 149. Lẹ́yìn tọ́bò, wọn kò sáré dé páùn 7. Páùn 3 ni wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n dúró, wọ́n ka ohun tí dáínò sọ. Wọ́n dé páùn 5. Ibẹ̀ ni ojú tí ń ṣọ́ èéfín ti fi hàn pé epo kò tó. Ọ̀gá rẹ̀ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n wò ó, páǹpù epo ni kò lè bá afẹ́fẹ́ rìn mọ́. Písítìn ṣì wà ní odindi. Wọ́n fi páǹpù mìíràn sí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti páùn 3, títí wọ́n fi dé 7. Ipá ìyípo rẹ̀ di 138 ní 8,000 kan náà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ rí i: agbára ẹṣin 210.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi parí ìwé rẹ̀ nìyí: "Bí ó bá jẹ́ pé etí ni a lò, a kì bá ti gbọ́ ohunkóhun ní páùn 5, nítorí ariwo rẹ̀ dùn ju ti ìṣáájú lọ. Bàbá mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀gá mi tí gbogbo ènìyàn ń yìn níhìn-ín, bí a bá gba dáínò lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí bàbá mi ṣe ni òun náà yóò ṣe. Òṣùwọ̀n ni bàbá mi kò ní."

Mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí táyà kan, mo sì kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi epo àti afẹ́fẹ́, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Tún ibẹ̀ yẹn kà." Mo tún un kà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí ọ́ọ̀lì ti wọ̀ lára láti ọdún yìí wá. Ó ní, "Nítorí náà, kì í ṣe ọwọ́ mi."

Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu mi ni. Èmi ni mo ní kí ẹ jẹ́ kí a rí i lójú ọ̀nà."

Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé kò ní fèsì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni? Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fẹ́ lọ kí o tó la ẹnu." Ó gbá mi léjìká. "Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó sáà máa wọ̀n ọ́n."

Mo kọ̀wé kejì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà fún ìwé àkọ́kọ́, mo sì kọ ohun tí mo fi pamọ́ nínú rẹ̀.

Ní oṣù September tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí pápá. Wọn kò gba ipò kìíní. Ẹ̀rọ mìíràn lé wọn sẹ́yìn ní ìdíje kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà padà sílé ní odindi, ẹni tí ó gùn ún sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lórí pápá. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ìje náà: "Písítìn rẹ̀ ńkọ́?" Nígbà tí mo ní kò yọ́, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ borí.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ wa fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí wa, èyí tí ń ka iye ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé igi líle méjì, ó gbẹ́ ẹ bí Prony ti wí, ó so ọ̀pá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 mọ́ ọn, a sì yá òṣùwọ̀n tí alápatà fi ń gbé ẹran kọ́. Obìnrin kan tí ń lọ èlùbọ́ ní àdúgbò wa ti ń ráhùn pé ẹ̀rọ tí òun rà, tí a kọ agbára ẹṣin 8 sí lára, kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ké ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ní kí wọ́n dúró lẹ́yìn ìlà tí mo fà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fún igi mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, ọmọkùnrin kan ń bu omi sí i kí ó má baà jóná, ọmọbìnrin kan sì ń ka òṣùwọ̀n sókè. Páùn 14 ni, nígbà tí ẹ̀rọ ń yí ní ìgbà 850. Mẹ́ta lọ́nà 14 jẹ́ 42; àwọn ọmọ ṣe ìyókù sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹfun: agbára ẹṣin 6.8.

Àwọn ọmọ kan ti ń pariwo pé olè ni ẹni tí ó tà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n dákẹ́. Ó tú ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́, ìyẹ̀fun èlùbọ́ sì ti dí i pa bí òwú. Ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́, ó dá a padà, a sì tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n náà di páùn 16 ní 850 kan náà, èyí tí í ṣe agbára ẹṣin 7.8. Ariwo rẹ̀ sì dínkù. Obìnrin náà dúró, ó ń wo ẹfun tí ó wà nílẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i pé mo ti ń gbé ẹ̀bi fún ẹni tí kò jẹ̀bi láti oṣù mẹ́ta." Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà sì wò ó, a kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Òṣùwọ̀n kì í jẹ́ kí a yin ohun tí kò yẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ọdún 22 nítorí pé kò sí ẹni tí ó wọn nǹkan kan kí a tó pàtẹ́wọ́. Igi méjì, ọ̀pá kan, òṣùwọ̀n alápatà àti ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kẹfà lè ṣe ni gbogbo ohun tí a nílò.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan láìpẹ́ yìí, ọkọ̀ ẹrù kan kọjá ní iwájú ilé ìwé wa, fèrè tọ́bò rẹ̀ ń dún. Ọmọkùnrin kékeré kan fò sókè, ó ní, "Èyí ni ó lágbára jù!" Ọmọbìnrin tí ó ka òṣùwọ̀n fún wa ní ọjọ́ Sátidé náà kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Mélòó ni?"